Kí O Tó Fi Sísọ́ọ̀sì Kan Aṣọ Náà

Ẹrúnmu,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dà.

Ọmọ àbúrò mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí wáàsáàpù, mo sì tún un gbọ́ kí n tó mú bírò, torí ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣe ohun tí mo lè sọ tán lórí fóònù. O ní oníbàárà kan kó aṣọ ìyá wọn tó dolóògbé wá, ó kún àpò Ghana-must-go méjì, wọ́n ní kí o fi rán ìbora àránpọ̀ kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ “king size”, pé òkè òkun ló ń lọ. O wá ń bi mí pé ègé mélòó ni kí o gé.

Òkè òkun wo? Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń pè ní king ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ bàtà 5 ni ìbú rẹ̀, ìyẹn 60 íǹṣì. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi orúkọ kan náà pè jẹ́ 76 íǹṣì ní ìbú, 80 ní gígùn. Íǹṣì 16 ló wà láàárín méjèèjì, kò sì sí ìgbátí tó lè bá ọ bo ìyẹn. Orúkọ bẹ́ẹ̀dì kò ṣeé gé aṣọ lé lórí. Ní kí wọ́n fa téèpù, kí wọ́n fi nọ́ńbà ránṣẹ́.

Níbi tiwa ńbí, ó sàn díẹ̀, torí nọ́ńbà la fi ń ra fóòmù, ní ẹsẹ̀ bàtà: mẹ́rin-àbọ̀ nínú mẹ́fà, mẹ́fà nínú mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ojú fóòmù nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò sọ bí ó ṣe ga tó. Fóòmù oní-íǹṣì 6 àti oní-íǹṣì 14 lè jọ jẹ́ mẹ́rin-àbọ̀ nínú mẹ́fà, ìbora wọn kò sì lè dọ́gba láéláé. Nítorí náà nọ́ńbà mẹ́ta ni kí o máa gbà: ìbú, gígùn, gíga. Kí o sì béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì náà fara ti ògiri. Nínú yàrá face-me-I-face-you tí gbogbo wa ti gbé rí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìbora ti ń wọ́ sílẹ̀. Èyí tí o bá fi sí ọ̀dọ̀ ògiri, owó lo sọ nù.

Jẹ́ ká fi mẹ́rin-àbọ̀ nínú mẹ́fà ṣe é kí o rí i. Íǹṣì 54 nínú 72 nìyẹn. Ká ní fóòmù náà ga ní íǹṣì 8, jẹ́ kí ìbora wọ́ sílẹ̀ ní íǹṣì 10 lọ́tùn-ún àti lósì: ìbú di 74. Fi 10 sí ibi ẹsẹ̀, fi 10 sí òkè fún ibi tí a máa ṣẹ́ ẹ wọ abẹ́ ìrọ̀rí: gígùn di 92. Tí ègé rẹ bá jẹ́ íǹṣì 9 lẹ́yìn rírán (íǹṣì 9 àti àbọ̀ ni wàá gé e, kí ẹ̀rọ lè rí ibi jẹ), mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́wàá ní gígùn yóò fún ọ ní 72 nínú 90. Fi etí íǹṣì 3 yí i ká, ó di 78 nínú 96. Má bẹ̀rù pé ó ti pọ̀ jù. Tí o bá tẹ́ òwú sí àárín, tí o sì ń rán gbogbo rẹ̀ mọ́ra láti òkè dé ìsàlẹ̀, aṣọ yóò súnkì díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Íǹṣì 2 tàbí 3 a máa bá rírán lọ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, wo láínì ẹ̀yìn. Ìbú áńkárá kò ju nǹkan bí íǹṣì 45 lọ. Bọ́ńdù kan, yáàdì 6, jẹ́ íǹṣì 216. Gé e sí méjì, 108 kọ̀ọ̀kan, rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: ó bo ẹ̀yìn ìbora yẹn, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí bẹ́ẹ̀dì bá ti di mẹ́fà nínú mẹ́fà, ìbú méjì kò ní tó mọ́, mẹ́ta lo máa rán pọ̀, yáàdì náà á sì ju 8 lọ. Ẹni tó ní “ṣe é kó fẹ̀ díẹ̀ sí i” kò mọ̀ pé bọ́ńdù kejì lòun ń béèrè. Sọ fún wọn kí ẹ tó dúnàádúrà.

Fọ gbogbo aṣọ kí o tó gé e. Adìrẹ tí ẹnì kan ti wọ̀ fún ogún ọdún ti súnkì tán. Èyí tó ṣì wà nínú àpótí láìwọ̀ kò tíì súnkì. Tí o bá rán wọn pọ̀ ní gbígbẹ bẹ́ẹ̀, ìfọ̀ àkọ́kọ́ ni ìbora náà máa lọ́.

O tún ní adìrẹ Ìbàdàndùn wà nínú ẹrù náà, ti ẹlẹ́kọ gidi. Íǹṣì 9 tí mo sọ, má fi ipá mú un wọ ibẹ̀. Ojú àpótí àpótí ni wọ́n ń ya ẹlẹ́kọ, àpótí kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, ló wà níbẹ̀, ṣíbí wà láàárín òpó sí òpó. Ọmọ Ìbàdàn wo ni yóò rí Mápó tí wọ́n gé ní ọrùn tí inú rẹ̀ á dùn? Wọn àpótí rẹ̀, kí ìwọ̀n àpótí di ìwọ̀n ègé, kí o sì fi aṣọ mìíràn dí ibi tó bá kù. Tí òfì bá wà nínú ẹrù náà, òun ní tirẹ̀ ti yan ìwọ̀n fúnra rẹ̀, nǹkan bí íǹṣì 4 ni òfì àtijọ́ ń fẹ̀, iye ọ̀já tí wọ́n bá sì rán pọ̀ ni ìbú aṣọ. Àwọn ahunṣọ ti ń ṣe ìṣirò yìí kí ẹnikẹ́ni tó bí wa. Ṣùgbọ́n òfì wúwo. Má pò ó mọ́ adìrẹ nínú ìbora ńlá. Ta ló máa fún un tó bá rin?

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an ló kù. O ní ọmọ márùn-ún ni ìyá náà bí. Ta ló máa sùn sábẹ́ ìbora kan yìí? Aṣọ òkú, pípín là ń pín in láàárín ọmọ. Tí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú ẹrù ẹnì kan lọ sí òkè òkun, àwọn mẹ́rin tó kù lè má sọ̀rọ̀ lónìí, wọ́n máa sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, orúkọ rẹ ni wọ́n á sì dá pé ìwọ lo gé aṣọ ìyá wọn. Ká ní bẹ́ẹ̀dì Amẹ́ríkà yẹn ni, ìbora rẹ̀, méjìlá nínú méjìlá, yóò jẹ ègé 144. Ìbora kékeré ti orí ẹsẹ̀, ègé márùn-ún nínú mẹ́fà, íǹṣì 45 nínú 54, ń jẹ ègé 30. Márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 150. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye aṣọ kan náà! Ó tó fún ẹni tó jókòó sórí àga lásìkò ọyẹ́, kò ní wọ́lẹ̀ kó gbé àgbàlagbà ṣubú, ó ṣeé fọ̀ nínú bàsíà. Ìró adìrẹ tí kò bá ya, má gé e rárá, fi ṣe láínì ẹ̀yìn. Aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀ ni, ìbú rẹ̀ á tó láìsí àfikún.

Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé kékeré kò bọ̀wọ̀ fún òkú. Ní 1987, àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ́ aṣọ àránpọ̀ sílẹ̀ ní Washington fún àwọn tí àrùn éèdì pa. Ẹsẹ̀ bàtà 3 nínú 6 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n sàárè, mẹ́jọ sì ń para pọ̀ di ẹsẹ̀ bàtà 12 nínú 12. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ìwọ̀n náà ni.

Nítorí náà, pe oníbàárà rẹ. Bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìjà ẹbí tí mo sọ yìí, kàn ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ò ní fẹ́ kí ó kárí?” Tí wọ́n bá ṣì ní ọ̀kan ńlá ni àwọn fẹ́, iṣẹ́ wọn ni, gba nọ́ńbà mẹ́ta náà, gba àsansílẹ̀ owó láínì, kí o sì bẹ̀rẹ̀. Má tíì lọ ra láínì ní ọjà Gbági títí wọ́n á fi dáhùn. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ka nọ́ńbà náà sí mi létí lálẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti oko dé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.