Ibi Tó Yẹ Kí Akọ́ṣẹ́ Oníròyìn Ti Bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, ayàwòrán wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń kọ ìròyìn lọ́tọ̀, ẹni tó ń kà á lọ́tọ̀. Lóde òní, ẹnì kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ sábà máa ń rán jáde, òun náà ni yóò kó ọ̀rọ̀, fọ́tò, ohùn àti fídíò bọ̀. Èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ́ nínú wọn? Ìbéèrè òǹkàwé kan nìyẹn, ó sì tọ́ sí àlàyé.

Ìwádìí ló ṣáájú, torí ẹ̀rọ kò lè gba ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Ká ní ata gbówó lórí lọ́jà Bódìjà. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti débẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n ń já ẹrù. Á bi aláta ní iye tó ra apẹ̀rẹ̀ kan àti iye tó ń tà á, á bi awakọ̀ ní owó ọkọ̀, á sì bi ẹni tó wá rajà. Bó bá kan owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún un láṣẹ láti kọ̀wé béèrè, ọjọ́ 7 sì ni wọ́n ní láti fi dáhùn.

Ohùn ni àwọn akọ́ṣẹ́ ń fojú kéré jù. Èèyàn lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ kí ni wọ́n fẹ́ fi fídíò tí wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ aláta nínú rẹ̀ ṣe? Máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ ló dára jù. Bí kò bá sí, kí fóònù sún mọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ pa kí ìpè má baà dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gba ariwo ọjà nìkan sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ariwo yìí ló ń gbé olùgbọ́ rédíò dé Bódìjà.

Fóònù máa ń dùbúlẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, ó máa ń dúró fún TikTok. Kí ọwọ́ má gbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan: gbogbo ìsọ̀, ojú aláta, ìka rẹ̀ bó ṣe ń ka owó.

Bí wọ́n bá délé, ìròyìn kan náà ni wọn yóò tún kọ lóríṣiríṣi. Gbólóhùn kúkúrú ni ti rédíò, nítorí olùgbọ́ kò lè dá a padà. Ìwé ìròyìn bí Aláròyé láyè fún kúlẹ̀kúlẹ̀ owó. Fídíò orí fóònù ń fẹ́ ọ̀rọ̀ lójú àwòrán, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí ohùn rẹ̀. Fọ́tò tó bá sì ti orí WhatsApp wá, kí wọ́n fi Google Lens yẹ̀ ẹ́ wò ná. Fọ́tò àtijọ́ ti ba ìròyìn tó dára jẹ́ rí.

Rédíò ilé-ẹ̀kọ́, bíi Diamond FM ní Yunifásítì Ìbàdàn, jẹ́ ibi tó dára láti fi èyí dánra wò. Ẹni tí kò sí nítòsí irú rẹ̀ lè mú ìròyìn àdúgbò kan lọ́sẹ̀, kó ṣe é ní ọ̀nà mẹ́ta, kó sì tọ́jú wọn fún olóòtú tó bá fẹ́ rí ohun tó lè ṣe.