"Ọmọ Wa Ni" Kò Ra Ọ̀dà

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Bantè ni mí. Mo gba lísáǹsì nínú iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Abomey-Calavi, mo sì padà sílé lọ́dún tó kọjá. Mo ń ya àwòrán, mo ń kọ pátákó, mo tún ń ya fọ́tò. Iṣẹ́ ò wọ́n mi, owó rẹ̀ ni mi ò rí. Ìbátan wa kan ní Savalou ní kí n wá ya bàbá òun sára ògiri fún ìnáwó òkú. Ó ní ọmọ àwọn ni mí, pé a ó jọ rí i tó bá yá. Bàbá mi ní kí n lọ ṣe ìdánwò tíṣà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kó lọ sí Cotonou. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ayàwòrán, Bantè

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. "Ọmọ wa ni" tí wọ́n sọ fún ọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ wà. Wo ìnáwó òkú àgbà èyíkéyìí lágbègbè wa. Wọn á sanwó pósí kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ẹni tó ń fi àga àti tẹ́ǹtì háyà á gba àsansílẹ̀. Alásè á gbowó. Wọn á náwó fún onílù lójú agbo. Ó wá ku ẹni tó ya olóògbé sára ògiri, tí gbogbo àlejò ń dúró níwájú iṣẹ́ rẹ̀ ya fọ́tò: òun nìkan ni ọmọ wa. Owó wà nílé yẹn, àbúrò. Wọn ò ka tìrẹ mọ́ ìnáwó nítorí pé ìwọ fúnra rẹ ò dá iye kan lé e.

Kí o tó ṣí agolo ọ̀dà, mú bébà. Kọ iye ọ̀dà, iye búrọ́ọ̀ṣì, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, kí o wá kọ owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ sí ìlà tirẹ̀. Má fi pa mọ́ sínú owó ọ̀dà. Gba ìdajì sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ ṣe ojú àánú sí ìbátan, kọ iye tó yẹ kó san, kí o sì kọ èyí tí o yọ fún un sísàlẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá bínú, ó sàn kó bínú nísinsìnyí ju kí o máa sin gbèsè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí àlejò bá ti tú ká.

Ní ti Cotonou, ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n apá gúúsù orílẹ̀-èdè wa ni owó àṣà ń ṣàn sí jù. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé dá ìṣúra ààfin Abomey 26 padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Cotonou ni wọ́n ti ṣàfihàn wọn lọ́dún kejì. Ouidah ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ Vodun Days. Abomey, Ouidah àti Porto-Novo ni wọ́n ń kọ́ mùsíọ́ọ̀mù ńlá sí. Síbẹ̀, má ṣe lọ gba yàrá ní Cotonou láìní iṣẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Lọ wo àfihàn, lọ forúkọ sílẹ̀ ní BUBEDRA tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, kí o sì padà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á ní kí o wo Romuald Hazoumè, ọmọ Porto-Novo tó ń fi jálá epo bẹntiróòlù ṣe ìbòjú. Òótọ́ ni, ó gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní Jámánì lọ́dún 2007. Ṣùgbọ́n ó ti lé lógójì ọdún nígbà yẹn, oúnjẹ oṣù yìí sì ni èmi ń rò fún ọ.

Bàbá rẹ ò ṣì ọ́ lọ́nà. Tíṣà ni Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, náà ṣe, ó sì ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo. Ilé ọtí yẹn ni wọ́n sọ di ilé iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo lọ́dún 1962, níbi tí Twins Seven-Seven àti Muraina Oyelami ti di ayàwòrán. Bí ìdánwò bá ṣí, ṣe é, kí o sì máa fi ìrọ̀lẹ́ àti ìsinmi yàwòrán.

Má sì fojú tín-ínrín ohun tó wà nítòsí. Àwọn ìyá tó ń ta gàrí sohoui Savalou nílò àwòrán tó máa wà lára àpò wọn, kí ẹni tó rà á ní Cotonou lè mọ ibi tó ti wá. Àwọn tó ń kìlọ̀ àìsàn káàkiri abúlé nílò àwòrán tí ẹni tí ò kàwé máa yé. Ọmọ ilé tó gbọ́ èdè Ìcà, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti àgbà, ló lè ṣe é. Ọdún iṣu Savalou sì wà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ. Má jẹ́ kí oṣù Keje bá ọ nílé; lọ bá àwọn tó ń múra rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, kí wọ́n tó bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kí o sì mú fọ́tò iṣẹ́ rẹ tó dára jù dání.