Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸGBẸ́ ÀGBẸ̀: ẸTÙ ṢAKABÙLÀ TÀBÍ KÁTÍRÍÌJÌ, ÈWO LÓ WỌ́N JÙ FÚN PÍPA Ọ̀YÀ?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìpetumodù àti gbogbo Àríwá Ifẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ń rí lọ́wọ́ ọ̀yà. Òru ló ń jẹun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gé àgbàdo lulẹ̀. Àwọn kan máa ń bẹ ọdẹ tó ń fi ẹ̀tù kì ṣakabùlà, torí pé kò náni lówó. Àwọn mìíràn ní kátíríìjì ló dára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

1. Ẹ má ka iye ọta nìkan, ẹ ka iye ẹran.
Àpẹẹrẹ lásán nìyí, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní ṣakabùlà ń ná ₦300 nígbà kan tí a bá yìn ín, kí kátíríìjì kan jẹ́ ₦1,200. Ọdẹ méjèèjì yìnbọn nígbà 10 láàárín òru 4.
Ṣakabùlà: ₦3,000, ọ̀yà 2. Ọ̀kan jẹ́ ₦1,500.
Kátíríìjì: ₦12,000, ọ̀yà 5. Ọ̀kan jẹ́ ₦2,400.
Ó dà bíi pé ṣakabùlà ló borí.

2. Ẹ fi owó òru kún un.
Oúnjẹ ọdẹ àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì ń kọ́? Ká ní ₦1,000 lóru kan, ₦4,000 ni lápapọ̀. Ọ̀yà kan lọ́dọ̀ ṣakabùlà di ₦3,500, ti kátíríìjì di ₦3,200. Ohun tó pọ́ọ́kú ti di ọ̀wọ́n! Ẹ fi iye ọjà tiyín ṣe é, kí ẹ sì yọ owó ẹran tí ẹ bá tà kúrò.

3. Ẹ ṣọ́ra fún ewu.
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kátíríìjì tó ti yìn kì nílé. Ẹ̀tù tó bá pọ̀ jù lè fọ́ ìbọn mọ́ni lọ́wọ́, àti pé ṣíṣe ọta láìgba àṣẹ lòdì sófin. Òfin ìbọn ti 1959 ní kí ṣakabùlà pàápàá ní ìwé àṣẹ. Òje ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọta wẹ́wẹ́, májèlé sì ni fún ọmọdé àti aboyún: ẹ gé ẹran tó yí ojú ọta ká dànù.

4. Ìbọn nìkan ò lè gba oko.
Ọ̀yà ń lóyún fún nǹkan bí oṣù 5, ó sì lè bí ọmọ 4 lẹ́ẹ̀kan. Bí igbó bá fara kan oko, òmíràn á wọlé. Ọ̀yà kì í fẹ́ gba ojú ilẹ̀ gbalasa kọjá, torí náà ẹ ro ẹ̀gbẹ́ oko mọ́. Oko hẹ́kítà 1 tó gún mẹ́rin dọ́gba jẹ́ mítà 400 yíká. Ẹ fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká, kí ẹ dá ojú ọ̀nà sí i, kí ẹ dẹ okùn síbẹ̀. Ẹ máa yẹ okùn wò láràárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ máa náwó ọgbà. Owó ọta kì í tán.

Iṣẹ́ fún ìpàdé tó ń bọ̀: kí oníkálukú kọ iye ìyìn, iye òru àti iye ọ̀yà tí wọ́n pa lóko rẹ̀ sílẹ̀, kó sì kọ iye tí ọgbà máa náni. Ẹ kó o wá fún òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn àdúgbò yín, kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ire oko á wọlé o.