Ìkòkò Àlòkù Di Ìkòkò Ọtí: Bí A Ṣe Ń Fi Táàpù Sí Ìkòkò Stainless

Ẹni tó bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé mọ ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ọtí á ti tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ti sùn sísàlẹ̀, àmọ́ igbá àkọ́kọ́ tá a bá rì bọ̀ ọ́ á tún ru gbogbo rẹ̀ sókè. Bí táàpù bá wà lára ìkòkò, tó sì ga díẹ̀ ju ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń sùn sí, èyí tó tòrò nìkan ni yóò máa jáde. Kò di dandan ká ra ìkòkò tuntun. Èyí tí alásè kan pa tì nítorí pé etí rẹ̀ já ti tó. Kó sáà ti jẹ́ stainless, torí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ a máa kan, kíkan yẹn a sì máa jẹ ìkòkò alumíníọ̀mù.

Ohun tá a máa lò: ìkòkò tó gba lítà 30 sókè, táàpù stainless oní-1/2 íǹṣì, páìpù kúkúrú stainless oní-1/2 íǹṣì tó ní ojú ìlọ́ láti ìkángun kan dé èkejì, nọ́ọ̀tì 2 tó bá a mu, wáṣà sílíkónì 2, irú èyí tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, téépù funfun àwọn púlọ́ńbà, dírílù, pẹ̀lú ẹnu oní-3 mìlímítà àti ẹnu onípele, fáìlì, òróró ẹ̀pà, awò tó ń dáàbò bo ojú.

1. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìkòkò wò ní ọjà àlòkù. A ó fi òòfà kàn án. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tó kàn lẹ̀ díẹ̀, ó dára. Bí ó bá lẹ̀ pinpin, irú èyí tó tètè ń dípẹtà ni, ẹ fi í sílẹ̀. Alumíníọ̀mù náà kì í fa òòfà mọ́ra, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì rọ̀. Ẹ gbé ìkòkò sókè sí oòrùn kẹ́ ẹ lè rí ihò tó bá wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti fi po ọ̀dà tàbí kẹ́míkà rí, iye yòówù kí wọ́n tà á, kì í ṣe tiwa.

2. A ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná, ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Kànrìnkàn onírin kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí èérún rẹ̀ tó bá kù síbẹ̀ ni yóò dípẹtà. Bílíìṣì náà kò dáa, a máa dá ihò wínníwínní sára stainless.

3. Láàárín etí méjèèjì ìkòkò, a ó wọn sẹ̀ǹtímítà 4 láti ìsàlẹ̀. A ó sàmì síbẹ̀, a ó ti pákó mọ́ ọn nínú, a ó sì fi ìṣó àti òòlù lu ojú àmì náà kó jìn díẹ̀, kí ẹnu dírílù má bàa yọ̀.

4. Ibí yìí ni sùúrù wà. Stainless kì í fẹ́ eré. Bí dírílù bá ń sáré tí a ò sì tẹ̀ ẹ́, ńṣe ni irin yóò gbóná, ojú rẹ̀ á le sí i, ẹnu dírílù á sì kú. Mo ba ẹnu méjì jẹ́ lára ìkòkò tí mo kọ́kọ́ ṣe kí n tó gbà. Nítorí náà, a ó kán òróró sí i, a ó jẹ́ kí dírílù máa yí jẹ́jẹ́, a ó sì fi ara tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ wo ohun tó ń jáde: bí ó bá ń ká bí irun, a wà lọ́nà, bí ó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tàbí tí èéfín ń rú, ẹ dúró, ẹ kán òróró sí i. Ẹnu oní-3 mìlímítà ló máa ṣáájú, lẹ́yìn náà ni onípele, títí ihò yóò fi fẹ̀ tó mìlímítà 21 sí 22. Ẹ wọ awò, ṣùgbọ́n ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, torí dírílù lè fà á wọlé.

5. Ẹ fi fáìlì ra etí ihò náà nínú àti lóde. Etí ihò náà mú bí abẹ, ó sì lè gé wáṣà.

6. A ó wé téépù mọ́ páìpù nígbà mẹ́fà, a ó sì kì í bọ ihò. Wáṣà kan nínú, ọ̀kan lóde, nọ́ọ̀tì lórí kálukú wọn, ká tó wá lọ́ táàpù mọ́ ẹnu rẹ̀ lóde. Ẹ má gba táàpù idẹ, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì gé rọ́bà táyà ṣe wáṣà, òórùn rẹ̀ yóò wọ inú ọtí.

7. Ẹ pọn omi kún un, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Bí ìwé bá tutù, ẹ fún nọ́ọ̀tì le díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un dán wò, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú omi gbígbóná.

8. Ẹ gé ọ̀pá kan tá a ó máa fi wọn ọtí inú ìkòkò, kẹ́ ẹ máa bu omi lítà kọ̀ọ̀kan sí ìkòkò, kẹ́ ẹ sì máa fá ìlà sára ọ̀pá níbi tó bá dé. Bí ìkòkò bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 36, lítà kan yóò gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan.

9. Ká tó lò ó, a ó se omi nínú rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí omi híhó náà gba inú táàpù jáde. Lẹ́yìn ọtí kọ̀ọ̀kan, ẹ tú táàpù, kẹ́ ẹ fọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí.

Nígbà tí ọtí bá wà nínú rẹ̀ tó ń hó, aṣọ mímọ́ la ó fi bò ó, a ò ní dé e pa, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè ráyè jáde. Lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ já a, a ò ní sún ìkòkò kúrò lójú kan. Ife àkọ́kọ́ lè rú díẹ̀, torí èyí tó sùn sẹ́nu táàpù. Ẹ dà á sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá gbé igbá sábẹ́ rẹ̀.