Àròkọ Ajẹmọ́-Ìsípayá: Ojú Ọ̀run àti Ọkọ̀ Òfuurufú

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé bí a kì í ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú kọlu ara wọn lókè.

Àmọ̀ràn: Àlàyé ni olùdánwò ń béèrè, kì í ṣe àlọ́. Sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí o sì sọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é ní àṣìṣe.

Àpẹẹrẹ:

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra. Òtítọ́ ni, nítorí pé ibi tí ó wu ẹyẹ ni ó ń gbà. Ọkọ̀ òfuurufú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ni ó ń tọ̀, gẹ́gẹ́ bí mọ́tò ti ń tọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó sì ń tọ ọ̀nà kan náà.

Àwọn adarí ọkọ̀ tí ó wà ní Èkó àti Kánò a máa fi rédíò sọ bí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti ga tó. Láti 29,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè, àlàfo 2,000 ni ó ń wà láàrin ọkọ̀ méjì tẹ́lẹ̀ rí, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ tí ń wọn gíga kò sì péye tó. Nígbà tí ẹ̀rọ dára sí i, tí ọkọ̀ sì pọ̀ sí i, wọ́n dín in kù sí 1,000 ní ilẹ̀ Áfíríkà ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2008, títí dé 41,000. Ọkọ̀ tí ń lọ sí ìlà-oòrùn a máa gba 29,000, 31,000 tàbí 33,000; èyí tí ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn a máa gba 30,000, 32,000 tàbí 34,000.

Ṣùgbọ́n àlàfo nìkan kò tó. Bí adarí bá pàṣẹ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ padà, kí adarí lè mọ̀ pé ohun tí òun wí gan-an ni ó gbọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, ọdún 1996, ọkọ̀ ADC kan ń bọ̀ láti Port Harcourt sí Èkó. Àṣìṣe nínú ìdarí mú un sún mọ́ ọkọ̀ mìíràn. Awakọ̀ rẹ̀ fi agbára yí i kí ó lè yà fún èkejì. Wọn kò kọlu ara wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já lulẹ̀ ní Ejìnrìn. Gbogbo ènìyàn inú rẹ̀, tí wọ́n ju 140 lọ, ni wọ́n kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn.

Nítorí náà, ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò, ṣùgbọ́n kò lè tó ọkọ̀ òfuurufú àfi bí ètò bá wà, tí ọ̀rọ̀ sì yé tẹnu-tetí.

Àkíyèsí: Má ṣe fi òwe ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ọ̀rọ̀ mu. Bí kò bá bá a mu tán, sọ ibi tí ó kù sí.