Ká wo ilé kí a tó ra jíìpù oníná

Ìdáhùn sí lẹ́tà òǹkàwé láti Òde Ugbò

Jíìpù oníná kò ní táǹkì epo. Bátìrì ńlá tí wọ́n tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ ló ń yí mọ́tò, iná mànàmáná ni wọ́n sì ń fi ṣáájì bátìrì náà. Òǹkàwé tó kọ̀wé láti Òde Ugbò ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí Ìgbòkòdá, ó ń gba Òkìtìpupa lọ síbi iṣẹ́, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sì tó 150 kìlómítà lójúmọ́. Irú jíìpù oníná tó yẹ ẹ́ ló ń béèrè. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: ibi tí ọkọ̀ ń sùn, àti iná tó wà níbẹ̀, ló máa sọ irú ọkọ̀ tó yẹ kéèyàn rà.

Jíìpù oníná tí kò tóbi púpọ̀ ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 18 lórí 100 kìlómítà, yúníìtì (kWh) kan náà tí mítà ilé ń kà. Ìrìn 150 kìlómítà yóò gba 27; bí a bá ka iná tó ń ṣòfò nígbà tí ọkọ̀ ń gba ṣáájì mọ́ ọn, ó di 30. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán kò lè fún ọkọ̀ ju yúníìtì méjì sí mẹ́ta lọ ní wákàtí kan láìgbóná, nítorí náà yóò tó wákàtí 12 kó tó kún. Ṣájà ara ògiri tó ń fúnni ní yúníìtì méje ní wákàtí kan, tí oníṣẹ́ iná fa wáyà tó nípọn fún láti ibi mítà, yóò parí rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Wáyà tó wọnú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná kì í gba ṣáájì níbi tí kò bá sí i.

Gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí òǹkàwé náà wà, lo ọdún tó lé ní mẹ́wàá láìrí iná NEPA. Kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ máa kọ wákàtí tí iná ń wà lálaalẹ́ sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko kó tó náwó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná, fi owó kún iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lójúmọ́. Ibi tí irú iná bẹ́ẹ̀ bá ti ń wá lóòótọ́ nìkan ni èèyàn ti lè gbójú lé NEPA.

Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ojútùú. Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mú nǹkan bíi yúníìtì méjì jáde. Yúníìtì 30 yóò wá gba lítà 15, nígbà tí jíìpù epo tó tó o lè rin 150 kìlómítà kan náà pẹ̀lú lítà 12. Àdánù ni.

Sólà dára, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ etíkun máa ń ṣú nígbà òjò. Páńẹ́ẹ̀lì 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 wáàtì ló lè mú yúníìtì 30 wá lọ́jọ́ kan láìsí ìfòyà púpọ̀. Ìṣòro tó kù ni pé ọkọ̀ kì í sí nílé nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Ibi iṣẹ́ ni sólà bẹ́ẹ̀ ti wúlò jù. Bó bá jẹ́ ilé, àfi kéèyàn tún ra bátìrì ńlá tí yóò gba iná ọ̀sán pa mọ́ di alẹ́.

Lẹ́yìn iná ló kan bátìrì ọkọ̀. Kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú ìrìn tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí ẹ́ẹ̀sì, eré sísá àti ogbó bátìrì. Kí èyí tó kù tó ìlọ́po méjì ìrìn òòjọ́, kí alẹ́ kan tí iná kò wá má baà dá iṣẹ́ dúró. Hyundai Kona tí ilé iṣẹ́ Stallion gbé jáde ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2020 ní bátìrì 64 kWh, wọ́n sì kọ ìrìn 482 kìlómítà sí i. 360 ló kù. BYD Atto 3 ní 60.48 kWh, ìrìn 420. 315 ló kù. Méjèèjì tó ìrìn òǹkàwé náà. Irú bátìrì tó wà nínú Atto 3, èyí tí wọ́n ń pè ní LFP, kì í bẹ̀rù kíkún dẹ́nu. Ti Kona máa ń pẹ́ sí i bí a bá ń dá a dúró ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bátìrì tí omi ń tù ló yẹ ilẹ̀ ooru. Bátìrì Nissan Leaf, tí kò ní omi tó ń tù ú, tètè rẹ̀ nínú ooru Arizona, ariwo rẹ̀ sì ta ní ọdún 2012.

Lẹ́yìn ooru, omi iyọ̀ ni ọ̀tá kejì fún bátìrì. Nígbà tí ìjì Ian kọlu Florida ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn kan lára ọkọ̀ oníná tí omi òkun bò gbiná lẹ́yìn tí omi ti fà. Ní Ìlàjẹ, agbègbè òǹkàwé náà, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, orí ilẹ̀ gíga ni kí ọkọ̀ máa sùn, kí a máa fi omi tútù tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀, kí a má sì wà á wọ inú omi. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ìyẹn VIN, wádìí bóyá omi ti bò ó rí. Ẹnu ṣájà ọkọ̀ Ṣáínà, ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà kò bára mu, nítorí náà kí ṣájà tó wà nílẹ̀ bá ọkọ̀ mu kí a tó sanwó. Bí ìlera bátìrì tòkunbọ̀ bá ti wálẹ̀ ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí a fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Bí iná Band A bá ń wá, tàbí sólà wà níbi iṣẹ́, jíìpù tí bátìrì rẹ̀ tó 60 kWh, tí omi ń tù, tí abẹ́ rẹ̀ sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 17, ló yẹ òǹkàwé náà. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, jíìpù aláàbọ̀-epo-àbọ̀-iná bíi Toyota RAV4 Hybrid ló bọ́gbọ́n mu. Kò nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì, nǹkan bíi lítà mẹ́sàn-án ni yóò sì fi rin 150 kìlómítà náà.