Ọmọ Mi Fi Owó Ata Ra Ọ̀ṣọ́ Inú Gèémù

ÌBÉÈRÈ

Okokomaiko ni mò ń gbé, oúnjẹ ni mo sì ń tà ní Ìyànà-Ìbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fẹ́ràn gèémù kan lórí fóònù mi, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún oníbàárà. N kò dí i lọ́wọ́, torí pé bó bá ti iléèwé dé, ọ̀dọ̀ mi ní ìsọ̀ ló máa ń wà títí a ó fi palẹ̀ mọ́. Òun náà ló ń bá mi wo aláàtì bí oníbàárà bá sanwó sí báǹkì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kó ọ̀ṣọ́ tuntun wọ inú gèémù yìí: báàgì ìnájà aláràbarà, gíláàsì tí wọ́n ń pàtẹ ọjà sí, ère tí wọ́n wọ aṣọ fún bíi ti iwájú ṣọ́ọ̀bù, àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì kiri nínú súpámákẹ́ẹ̀tì. Ọmọ yìí ní dandan, ilé oúnjẹ òun gbọ́dọ̀ dà bí mọ́ọ̀lù. Àfi bí mo ṣe rí aláàtì: ₦1,500, ₦1,500 mìíràn, lẹ́yìn náà ₦3,200. Owó ata àti tòmátò ọjọ́ kejì ni. Bàbá rẹ̀ ní kí n nà án, kí n sì gba fóònù. Ọmọ ń sunkún, ó ń búra pé dáyámọ́ǹdì inú gèémù ni òun ná, òun kò fọwọ́ kan owó mi. Ṣé ọmọ mi ti ń jalè ni? Ṣé mo lè rí owó mi gbà padà? Ṣé kí n pa gèémù náà rẹ́?

Ìyá olóúnjẹ, Okokomaiko

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ yín kò jalè. Ó gbà tọkàntọkàn pé ohun inú gèémù lòun ná, àwọn tó ṣe gèémù náà ló sì tò ó bẹ́ẹ̀ kó lè gbà á gbọ́. Màá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tò ó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó yín kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú un síwájú.

Bó bá jẹ́ fóònù Android lẹ ń lò, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè, kí ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ Payments and subscriptions sí. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí gbogbo ohun tí wọ́n fi owó yín rà, ọjọ́ tí wọ́n rà á, àti nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GPA. Ẹ da nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ. Google fún ènìyàn ní wákàtí 48 láti béèrè owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn tààrà. Ó jọ pé àkókò yẹn ti kọjá lórí tiyín, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe gèémù náà ló kù kí ẹ kọ̀wé sí. Àdírẹ́sì ímeèlì wọn wà ní ojú ewé gèémù náà nínú Play Store, nísàlẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ló rà á láìgbàṣẹ, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn ránṣẹ́. Àwọn kan máa ń dá owó padà, pàápàá bí ọmọ kò bá tíì ná gbogbo dáyámọ́ǹdì náà tán. Tó bá jẹ́ iPhone, ojú ewé reportaproblem.apple.com ni kí ẹ gbà. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ má lọ sọ ní báǹkì pé olè ló lo káàdì yín. Òótọ́ pé ọmọ yín ló rà á gan-an ló máa gbè yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ káàdì yín kúrò lórí Play Store pátápátá. Ẹ kò nílò rẹ̀ níbẹ̀ láti fi ta oúnjẹ. Bí nẹ́tíwọ̀kì yín bá jẹ́ èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n yọ owó ọjà Play Store lára káàdì ìpè, ẹ yọ ìyẹn náà. Bí ẹ bá ní ìdí láti fi káàdì sílẹ̀, ẹ wọ Settings nínú Play Store, kí ẹ ṣètò pé kó máa béèrè páswọọ̀dù nígbà gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan. Wọ́n tún ń fún ènìyàn láyè láti yan ìṣẹ́jú 30. Ẹ má yan ìyẹn, torí pé bí ẹ bá ti tẹ páswọọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi pé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yìí ti di ẹ̀sùn rí. Ní ọdún 2014, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Apple àti Google lórí owó tí àwọn ọmọdé ń ná nínú gèémù láìsí àṣẹ òbí. Ti Apple, ìṣẹ́jú 15 ni ilẹ̀kùn máa ń wà ní ṣíṣí nígbà náà lẹ́yìn páswọọ̀dù kan, wọn kò sì sọ fún òbí. Apple gbà láti dá ó kéré tán mílíọ̀nù 32.5 dọ́là padà fún àwọn òbí, Google náà gbà láti dá ó kéré tán mílíọ̀nù 19 dọ́là padà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn òbí tó ní báǹkì àti lọ́yà lẹ́yìn wọn náà kó sí i. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi pé ẹ gbé fóònù fún ọmọ. Ọmọ tó ń bá yín wo aláàtì gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí fóònù. Páswọọ̀dù ọjà ni kí ó yàtọ̀, kó má sì jẹ́ ọdún ìbí rẹ̀.

Wàyí o, ẹ wo ojú gèémù náà láti òkè pẹ̀lú mi. Owó oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni kọ́ìnsì, tí ọmọ ń rí bó bá gbé oúnjẹ fún oníbàárà lásìkò. Èkejì ni dáyámọ́ǹdì, tó ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé bíńtín ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀ṣọ́ tó gbayì jù, dáyámọ́ǹdì ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ni náírà yín ti di dáyámọ́ǹdì. Nígbà tí ọmọ dé ibi tí wọ́n ti ń ta báàgì àti ère aṣọ, kò sí náírà níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń búra. Wọn kì í sì í jẹ́ kí iye tí ọ̀ṣọ́ jẹ́ àti iye dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ń dì tà dọ́gba. Ká ní ère aṣọ jẹ́ dáyámọ́ǹdì 60, ìdì tí wọ́n ń tà á jẹ́ 50 tàbí 110. Ọmọ ra 50, kò tó. Ó tún ra 50, ó ku 40 nílẹ̀, 40 yẹn sì ń pè é pé kó wá ra òmíràn. Mo fura pé ohun tó bí ₦1,500 ẹlẹ́ẹ̀kejì yín nìyẹn.

₦3,200 tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Irú ọ̀ṣọ́ báyìí kì í dá wá, bí ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń kó o wá. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn, aago kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ka ọjọ́ sẹ́yìn. Tó bá ku ẹyọ kan, tí ọjọ́ sì ku méjì, àgbàlagbà pàápàá á tọwọ́ bọ àpò. Ọ̀ṣọ́ náà tún máa ń ṣiṣẹ́ nínú gèémù. Nínú Cooking Fever, tí ilé iṣẹ́ Nordcurrent ní ìlú Vilnius, orílẹ̀-èdè Lithuania, gbé jáde ní 2014, bí ẹ bá tún ibi ìjókòó ṣe, oníbàárà á túbọ̀ ní sùúrù, owó tí wọ́n ń fi sílẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Nítorí náà, ọmọ tó ń ra ọ̀ṣọ́ rò pé òwò lòun ń ṣe. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ tó ń ṣòwò, kí ló tún fẹ́ rò?

Ní ti pé ọjà rírà ni wọ́n fi ṣe àkòrí ọ̀ṣọ́ ọ̀tẹ̀ yìí, kò yà mí lẹ́nu. Bí ọdún ṣe ń yí ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, lónìí Kérésì, lọ́la Àjíǹde, nígbà mìíràn Black Friday tí Konga àti Jumia ti sọ di ọ̀rọ̀ ẹnu àwa náà. Ọmọ tó bá ti gba iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní ọjà Trade Fair kọjá, tó rí àwọn ère tó dúró tí wọ́n wọ̀ láṣọ, ti mọ àwòrán yìí kí gèémù tó fi hàn án. Ohun tó wù ú lójú ayé, tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n gbé sí abẹ́ ìka rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ọmọ yín náà gbọ́ ìtàn kan, ẹ kà á sí i létí. Ní 2009, gèémù kan wà lórí Facebook tó ń jẹ́ Restaurant City, ilé iṣẹ́ Playfish ti ìlú London ló ṣe é. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilé oúnjẹ tirẹ̀, wọ́n ń to tábìlì, wọ́n ń lẹ bébà ògiri, wọ́n ń ra igi àti fìtílà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ná owó gidi síbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Electronic Arts ra Playfish, nígbà tó sì di 2012 wọ́n ti gèémù náà pa. Gbogbo tábìlì, gbogbo fìtílà, gbogbo bébà ògiri bá a lọ. Kò sẹ́ni tó rí ẹyọ kan mú relé. Ọ̀ṣọ́ inú gèémù, yíyá ni wọ́n yá a fún wa, ọwọ́ ẹni tó yá a fúnni ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Síbẹ̀, Ìyá wa, n kò ní kí ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ bá ti yọ káàdì, eyín rẹ̀ ti kán. Ọmọ tó ń ṣe gèémù oúnjẹ dáadáa ti mọ bí a ṣe ń to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, ó mọ̀ pé oníbàárà tó bá pẹ́ jù á bínú lọ. Ẹ jẹ́ kó máa fi kọ́ìnsì rẹ̀ àti dáyámọ́ǹdì ọ̀fẹ́ rẹ̀ ṣeré. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà ti ń ṣe irú gèémù yìí: Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó níbí, ló ṣe Iwájú: Rising Chef fún Disney ní 2024, oúnjẹ Nàìjíríà ni wọ́n sì ń sè nínú rẹ̀. Inú ọmọ yín lè dùn láti rí oúnjẹ tó mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gèémù yòówù kó jẹ́, ẹ ti ọ̀nà owó kó tó wọlé.

Nípa nínà, ẹ bá mi bẹ Bàbá wọn. Bí ẹ bá nà án, ohun tó máa kọ́ ni pé kó tètè pa aláàtì rẹ́ nígbà mìíràn. Ohun tí mo rò pé ó máa wọ̀ ọ́ lára jù ni kí ẹ jẹ́ kó rí ₦6,200 náà ní abọ́ ìrẹsì. Bí èrè yín lórí abọ́ kan bá jẹ́ ₦200, abọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Ẹ fún un ní ìwé àti bírò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó fa ilà kan fún abọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé jáde, títí ilà yóò fi pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kó jókòó síbẹ̀, kó wo òógùn yín lójú iná, kó wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kí ẹ fi ẹran kún un lọ́fẹ̀ẹ́, kó wo ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé ọ̀la lòun máa san. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ilà bá pé, ẹ sọ fún un pé iye tí ère aṣọ àti báàgì náà jẹ́ nìyẹn, kí ẹ sì jẹ́ kó máa bọ̀ wálé.

Bí ara bá ti rọ̀, tí owó bá sì wà, ẹ bi í pé kí ni òun á fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìsọ̀ yín gan-an. Ẹ fún un ní ₦2,000 péré, kó yan nǹkan kan. Ó lè jẹ́ aṣọ tábìlì láti Trade Fair, ó lè jẹ́ bébà tó fi àwọ̀ mẹ́ta kọ iye oúnjẹ sí kí akẹ́kọ̀ọ́ má máa béèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ojú tó fi ń to ilé oúnjẹ inú fóònù wúlò fún yín. Ẹ jẹ́ kó wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan bóyá oníbàárà ń pẹ́ sí i lórí ìjókòó, kó wá jíyìn fún yín.

Èyí tó kù kì í ṣe ti ọmọ. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ gbé fóònù yẹn, kí ẹ yọ káàdì kúrò lórí Play Store, kí ẹ sì kọ̀wé yẹn ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí wọn kò bá dá yín lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún kọ òmíràn.